Afẹ́fẹ́ Inú Ojú Sàlàkọ́

Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyí tí Sàlàkọ́ télọ̀ ti òwú lọ sójú abẹ́rẹ́, tí òwú sì gba ẹ̀gbẹ́ kọjá bí àlejò tó ṣìnà ilé. Ó tún fi ètè pọ́n ẹnu òwú, ó fi ìka fún un kó lè ṣe ṣóńṣó, ó na abẹ́rẹ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ náà bá kúrò lójijì. Ọmọbìnrin kan ti dúró dí i. Ó pupa, ó gbé agbádá funfun lé apá, ìborùn aláwọ̀ ewé wà lórí rẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ ní àlàfo, ẹ̀rín sì ti fẹ́ pa á níbi tó dúró sí.

"Ẹ̀yin télọ̀, ṣé aṣọ lẹ̀ ń rán ni àbí afẹ́fẹ́?"

"Afẹ́fẹ́ ni," ni Sàlàkọ́ dáhùn. "Mo fẹ́ fi dá bùbá fún ẹni tó bá dí mi lójú ìmọ́lẹ̀."

Ọmọbìnrin náà wọlé, ó gbé agbádá lé orí ẹ̀rọ, ó gba abẹ́rẹ́, ó gba òwú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló nà án, ó wọlé. Ó na abẹ́rẹ́ padà sí télọ̀ láti apá òsì. Sàlàkọ́ kò gbà á. Ọmọbìnrin náà dúró, ó gbọn abẹ́rẹ́ díẹ̀, ó rí i pé ọkùnrin náà ń wo iwájú bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan lápá ibẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ojú òsì yín ò ríran," ló sọ jẹ́jẹ́.

Sàlàkọ́ yíjú sí i kíá. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sí ẹ̀dá alààyè kan ní gbogbo àdúgbò Gídígbó nílùú Ìwó tó mọ̀. Èéyi ló mú ojú náà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ojú náà mọ́ lóló bí ti gbogbo ayé, àmọ́ ojú ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ojú ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì, ẹni tó bá sì ń fi ojú kan ríran, ìjà ńlá ni òun àti ojú abẹ́rẹ́ máa ń jà.

"Ta lo fẹ́ sọ fún?" ló bi í.

"Agbádá bàbá mi ni mo gbé wá, mi ò gbé ẹjọ́ wá." Ó ti ń lọ. Ó yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣẹ̀fíátù ni mò ń jẹ́, ọmọ Àáfà Àmúdà. Òwú àti bọ́tìnnì ni mò ń tà ní ọjà Odò-Orí. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ẹni tó bá yín ran afẹ́fẹ́."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, lọ́dún 1957.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Ṣẹ̀fíátù tó kọjá lọ sọ́jà, ó yà. Ó mú abẹ́rẹ́ méje nínú agolo, ó fi òwú sí gbogbo wọn, ó tò wọ́n mọ́ ọrùn bùbá Sàlàkọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò kí i ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ọjọ́ kẹta, ó tún yà. Nígbà tó fi máa di oṣù kan, bí kò bá tíì dé, Sàlàkọ́ á jókòó ti ẹ̀rọ, kò ní fọwọ́ kan aṣọ.

"Ṣé abẹ́rẹ́ méje á tó yín títí di alẹ́?"

"Bí kò bá tó, màá wá ọ wá sọ́jà."

"Ọjà kọ́ lẹ̀ ń wá, ẹ̀yin télọ̀ yìí."

"Àjíkẹ́, bó o bá ti mọ ohun tí mò ń wá, kí lo tún ń bi mí sí?"

Àjíkẹ́ ni oríkì rẹ̀. Ọjọ́ tí ọkùnrin bá ti kọ́kọ́ fi oríkì pe ọmọbìnrin tí kò sì fọhùn, ọ̀rọ̀ ti dé ìdí iṣu nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn òfà, ó ju òje lọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ṣẹ̀fíátù jókòó sórí àpótí, tó sì sọ ohun tó ti ń sá fún. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ jẹ́ afọ́jú. Ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀díẹ̀ lágbà, ọkùnrin kan tó ń kiri ìlú bá dé, ó ní òun ń fi abẹ́rẹ́ ti ìkùukùu kúrò lójú èèyàn. Ó ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù náà jáde pẹ̀lú ọyún. Àmúdà, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló fa ọ̀pá bàbá rẹ̀ káàkiri Ìwó fún ọdún mọ́kànlá.

"Ó fi Kùránì búra," ni Ṣẹ̀fíátù sọ, "pé kò sí ọmọ òun tó máa fa ọ̀pá afọ́jú láyé. Ẹ má jẹ́ kí bàbá mi mọ̀ nípa ojú òsì yẹn. Ìkan tó ń ríran ti tó wa."

"Ó ti tó wa," ni Sàlàkọ́ wí. Àmọ́ ẹ̀rù wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó bá a jókòó, kò sì dìde mọ́.

*

Mànàmáná ló kọ́kọ́ rí. Oòrùn mú ganrín-ganrín, kò sí ìkùukùu bí àtẹ́lẹwọ́ lójú ọ̀run, síbẹ̀ mànàmáná ń kọ ní igun ojú ọ̀tún rẹ̀. Ó jáde wo òkè. Òjò kankan ò ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, eérú bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Eérú dúdú, wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí wọ́n dáná sun oko lọ́nà Olúpọ̀nnà tí afẹ́fẹ́ sì gbé e wọ̀lú. Ó ń fọwọ́ lé e bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ibi tó bá wò, ibẹ̀ ni eérú náà ń bá a lọ.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ń rán ọrùn agbádá kan lọ́wọ́ nígbà tó rí i pé ìdajì ọrùn agbádá náà kò sí mọ́. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Òjìji kan ló ti ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ jáde wá, ó rọ̀ bí aṣọ ìkélé, ó ń mì díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń yí ojú. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ tó bá gbé aṣọ funfun bojú wáyé là ń pè ní Sàlàkọ́? Agbẹ̀bí ló ká ti tirẹ̀ kúrò lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ó wá dà bí ẹni pé aṣọ ọjọ́sí ti padà, ó ti di dúdú, ó sì wá gba ipò rẹ̀.

Ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó rìn lọ sí dìsípẹ́ńsárì, ó ń fi ọwọ́ tọ ara ògiri lọ. Fàtáì, ọkùnrin tó ń pín oògùn níbẹ̀, ti bá oníṣègùn ojú ṣiṣẹ́ rí ní Ìbàdàn. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú náà, ó wò ó pẹ́, ó sì pa tọ́ọ̀ṣì.

"Arákùnrin, awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú, òun la fi ń ríran. Tìrẹ ti ya, ó ti ń ṣí kúrò lára ògiri rẹ̀, bí rírẹ́ ilé tí omi wọ̀. Ìwé nìyí, mú un lọ fún Dókítà Adéyẹmọ ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ rélùwéè àárọ̀ ọ̀la ni kó o wọ̀. Gbọ́ o: má gbẹ́rù, má sáré, má tẹrí ba. Kírun ní ìjókòó. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó o bá dorí kodò, ó lè ya dé àárín. Bó bá ti dé àárín, ó tán."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Sàlàkọ́ ti ń kírun nínú ilé nítorí eérú tó ń fò lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á kó má lọ kọlu ènìyàn ní mọ́ṣáláṣí. Bó ṣe ń bọ̀ láti dìsípẹ́ńsárì báyìí, tí ọrùn rẹ̀ le gan-an bí ẹni gbé ìkòkò epo lérí, ló bá Ṣẹ̀fíátù lẹ́nu ọ̀nà ilé ìránṣọ, ayọ̀ ń tú jáde lójú rẹ̀.

"Télọ̀ mi, bàbá mi ti gbà! Ó ní kẹ́ ẹ wá kí òun lẹ́yìn ìrun Alásàrì òní. Oṣù mẹ́fà ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Agbádá búlúù yẹn ni kẹ́ ẹ wọ̀ o."

Ó yẹ kó sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀. Àmọ́ ó wo ìdajì ojú rẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún un láti rí, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

*

Àáfà Àmúdà jókòó sórí awọ àgbò, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ méjì wà ní ọ̀tún òun òsì. Sàlàkọ́ kí "Àsàlámọ̀ àlékùn," wọ́n dá a lóhùn, wọ́n sì dákẹ́. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ ohun tí irú ìdákẹ́ yẹn ń dúró dè.

Ó kúnlẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kanlẹ̀. Àyà rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tí aṣọ ìkélé inú ojú rẹ̀ fì gẹ̀ẹ́, bí ìgbà tí ìjì fẹ́ wọ ilé. Ó dúró síbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó na orí sókè bí adìyẹ tó ń mumi.

"Ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni?" ni ọ̀kan nínú àwọn àbúrò Àáfà bi í.

"Rárá, sà."

Ká ní ó sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kò fi irọ́ ṣiṣẹ́ ṣe, kì í rí i lò lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀.

"Ọkùnrin tó kúnlẹ̀ fún mi bí obìnrin!" ni Àáfà sọ. "Ṣé èmi ni mò ń wá ìyàwó ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ojú mi ò gbà á."

Òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ. Àmọ́ ní ìlú wa, ẹni tó bá ní ojú òun kò gba nǹkan, ohun tó ń wí ni pé nǹkan ọ̀hún kéré sí òun. Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Àáfà.

"Ojú rẹ ò gbà á." Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ìyẹn gan-an ló bani lẹ́rù. "A ò rí ọ ní mọ́ṣáláṣí ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá. O ò forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun, o ò dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn. Ta ló wá fẹ́ tẹ orí yìí ba, ṣé ọmọ mi ni? Dìde. Máa lọ. Má tún gba iwájú ilé yìí kọjá mọ́."

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Ṣẹ̀fíátù dúró pẹ̀lú abọ́ omi lọ́wọ́. Òun nìkan ló wo ọrùn Sàlàkọ́. Ó rí bó ṣe le, ó rí bí ọwọ́ ọkùnrin náà ṣe ń wá férémù ilẹ̀kùn bó ṣe ń jáde, ó sì mọ̀. Omi dà sí i lẹ́sẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó.

*

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Mùrí, ọ̀rẹ́ Sàlàkọ́ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, sin ín dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Kẹ̀kẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ẹrù nìkan ló gbé sí i. Sàlàkọ́ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Wọ́n bá Ṣẹ̀fíátù níbẹ̀: ó ti gbọ́ lẹ́nu Mùrí lálẹ́ àná, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn dé ṣáájú wọn.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún ọ kí n sì fi ọ̀pá lé ọ lọ́wọ́? Padà sílé, Àjíkẹ́. Ìbúra bàbá rẹ ò gbọdọ̀ torí mi bàjẹ́."

"Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà, ibẹ̀ ni òwú ń tọ̀."

"Abẹ́rẹ́ yìí ti ń pàdánù ojú rẹ̀."

"Abẹ́rẹ́ tí ò lójú mọ́ ńkọ́?" Omi ti lé ròrò lójú rẹ̀, síbẹ̀ ó gbé àgbọ̀n sókè. "A ṣì ń fi í di aṣọ mú. Ẹ̀yin télọ̀ lẹ mọ ìyẹn jù mí lọ."

Mùrí yíjú sápá kan, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà tí kò jò. Ọkọ̀ dé pẹ̀lú èéfín. Sàlàkọ́ gòkè bí ẹni ń rìn lórí ẹyin. Nígbà tó yíjú padà láti wò ó, ìborùn aláwọ̀ ewé nìkan ló rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ dúdú tó ti fẹ̀ ju ti àná lọ.

*

Dókítà Adéyẹmọ jẹ́ ọkùnrin kúkúrú tó máa ń ronú kó tó sọ̀rọ̀. Ó wo ojú náà, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Mi ò ní tàn ọ́. Màá fi iná wẹ́rẹ́ jó ẹ̀yìn ojú yìí níbi tó ti ya, kó lè rí ohun lẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, màá fi abẹ́rẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ojú rẹ, kó lè ti awọ náà padà sára ògiri. Ibi tó ya wà lẹ́yìn pátápátá, bí ìdí ìkòkò. Òkè ni afẹ́fẹ́ sì máa ń lọ. Torí náà, wàá dojú bolẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ, tọ̀sán-tòru, kí ìdí ìkòkò lè di òkè."

"Afẹ́fẹ́ náà ńkọ́, sà? Ṣé ibẹ̀ ló máa wà?"

"Á gbẹ lọ. Kó tó gbẹ, kí ògiri ti mú. Mo gbọ́ pé lókè òkun, wọ́n ń dán òróró kan wò lójú ehoro. Ó mọ́ gaara bí omi, kì í gbẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí kì í lọ, àbùkù rẹ̀ náà ni pé kì í lọ: ó lè pẹ́ nínú ojú kó ba ohun mìíràn jẹ́, wọn ò sì tíì mọ̀ dé ìdí. Afẹ́fẹ́ ni mo ní."

"Bí kò bá gbà ńkọ́?"

"Ojú náà lè ru, ó lè funfun, ó lè gbọgbẹ́. Mẹ́wàá ni mo ti ṣe irú rẹ̀ fún. Àwọn mẹ́fà ríran."

Sàlàkọ́ ka àwọn mẹ́rin tó kù lórí ìka. Ó kà dé ẹ̀kẹta, ó sì pa ọwọ́ dé.

Wọ́n kò mú un sùn. Wọ́n pa ìrora ojú náà, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ṣì ń wọlé, ó sì rí abẹ́rẹ́ náà bó ṣe ń bọ̀, tó ń tóbi sí i, tó fi dà bí òpó. Látọjọ́ tó ti dáyé, òun ló ń mú abẹ́rẹ́ lọ bá aṣọ. Lónìí, òun ni aṣọ. Ó rántí bàbá Àáfà àti ọkùnrin tó ń kiri. Ó fẹ́ pariwo. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Mọ́láyọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Má mì. Bó o bá mì, o pa ojú rẹ." Kò mì. Ó ń ka sùúrà tó kọ́kọ́ kọ́ ní ilé kéwú, ó ṣì í ka, ó tún un kà. Nǹkan fàdákà róbótó kan ṣàdédé yọ nínú òkùnkùn rẹ̀, ó ń mì lẹ̀gbẹ̀-lẹ̀gbẹ̀. Wọ́n bá fi báńdéèjì di ojú méjèèjì, ayé sì ṣú.

*

Ẹni tí kò tíì dojú bolẹ̀ lódidi ọjọ́ kan rí, kò mọ bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tó. Iwájú orí ń ro Sàlàkọ́ bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé e. Ìró ẹsẹ̀ ló fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́. Gbogbo ìgbà tí ojú náà bá ta kìì, á ní, "Ó ti ṣí nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ kan gbé orí rẹ̀ díẹ̀, ó ti nǹkan rọ̀gbọ̀dọ̀ kan sábẹ́ rẹ̀. Òṣùká ni, aṣọ múlọ́múlọ́ ni wọ́n fi ká a.

"Ẹ̀yin télọ̀," ni ohùn kan wí, "ẹ ò ṣe sọ fún mi pé ẹrù lẹ fẹ́ fi iwájú orí gbé?"

"Àjíkẹ́! Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Mo ní mò ń lọ kí ìyá mi àgbà ní Ìbàdàn. Mo sì ti kí wọn. Irọ́ mi kò pọ̀."

Ó ń wá lójoojúmọ́. Á jókòó sórí ilẹ̀, kí ohùn rẹ̀ lè máa ti ìsàlẹ̀ wá bá a, á máa ròyìn ẹni tó ń kọjá, bí fìlà ọlọ́dẹ ṣe rí, bí ọbẹ̀ ṣe ta sí aṣọ funfun dókítà. Sàlàkọ́ á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bó bá ti lọ, ẹ̀rù á padà wá jókòó sí ipò rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún ni ó gbọ́ ìró bàtà kan lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ṣẹ̀fíátù kúnlẹ̀. Sàlàkọ́ mọ ẹni tó dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Fàtáì ti bá Àáfà pàdé lẹ́yìn ìrun, ó ní, "Ẹ kú àníyàn ojú àna yín, ẹni tí mo ní kó má tẹrí ba," ọ̀rọ̀ sì tú síta. Kò sí ẹni tó rí ojú Àáfà nínú ọkọ̀ rélùwéè lọ́jọ́ náà, àfi àwọn tó bá a jókòó.

Àáfà dúró lórí ọkùnrin tó nà gbọọrọ níwájú rẹ̀.

"Mo ti gbọ́. Dìde."

Sàlàkọ́ kò mira.

"Mo ní kí o dìde, ọmọ yìí. Mo ti gba ìkíni."

"Bàbá, kò gbọdọ̀ dìde," ni Nọ́ọ̀sì Mọ́láyọ̀ ké láti ọ̀ọ́kán. "Ojú rẹ̀ ò gbà á!"

Ohùn kan jáde lẹ́nu Àáfà, bí ikọ́, bí ẹ̀rín, bí ẹkún.

"Mo ní kí o dọ̀bálẹ̀, o ní ojú ò gbà. Mo ní kí o dìde, wọ́n tún ní ojú ò gbà. Irú ojú wo nìyí?"

"Bàbá," ni Sàlàkọ́ sọ sínú òṣùká, "ojú kan ṣoṣo ni mo ní. Òsì ti kú láti kékeré, mo fi pamọ́ fún yín. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ sí ọ̀tún. Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n á tú u. Ẹ mú Àjíkẹ́ lọ sílé kí ọjọ́ náà tó pé. Mi ò fẹ́ kó fa ọ̀pá."

Àáfà jókòó wọ̀ọ̀ sí etí ibùsùn. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. "Èmi ni mo di orí bàbá mi mú lọ́jọ́ tí ọkùnrin yẹn ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ó ní kí n di í mú dáadáa. Mo dì í mú dáadáa." Ó mí. "Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ̀rù ni mo fi búra, kì í ṣe ọgbọ́n."

"Bàbá mi," ni Ṣẹ̀fíátù wí lórí ìkúnlẹ̀, "ta ló sọ fún yín pé ọ̀pá ni màá fà? Ọwọ́ ni màá dì mú."

Àáfà ka tẹ̀sùbáà yípo. Lẹ́yìn náà ló bọ́ bàtà, ó tì í sábẹ́ ibùsùn.

"Ẹ bá mi wá ẹní. Èmi ni mo ní kó dọ̀bálẹ̀. Ẹnu mi náà ni yóò ti gbọ́ 'dìde', n ò sì ní lọ títí yóò fi tó àkókò."

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, Dókítà Adéyẹmọ ní, "Ó tó." Ó wo Àáfà, ó sì fà sẹ́yìn.

"Dìde, ọmọ mi," ni Àáfà wí.

Wọ́n gbé e jókòó, orí rẹ̀ ń yí. Wọ́n ń tú báńdéèjì, ìpele kan, ìpele kejì. Ṣẹ̀fíátù ti di etí aṣọ rẹ̀ mọ́ ẹnu, ó ń já a jẹ. Báńdéèjì tán. Sàlàkọ́ kò la ojú.

"Là á," ni dókítà wí.

"Ẹ̀rù ń bà mí, sà."

"Ó ń ba gbogbo wa. Là á."

Ó là á. Ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ gbá a lójú, ó funfun, kò ní orí, kò ní ìdí. Lẹ́yìn náà ni ilà dúdú kan fara hàn nísàlẹ̀, ó tẹ̀, ó ń mì bí omi inú ìgò: afẹ́fẹ́ náà nìyẹn. Lókè ilà náà, ohun kan wà tó rí bí ewé tí òjò pa. Ó tẹjú mọ́ ọn. Aláwọ̀ ewé ni. Ó ní ojú, ó ní imú, ó ní ẹnu.

"Mo rí àlàfo kan," ló sọ.

"Àlàfo kẹ̀?" ni dókítà bi í pẹ̀lú ìfòyà. "Níbo?"

"Láàárín eyín rẹ̀."

Ṣẹ̀fíátù bú sẹ́kún. Àáfà ní kó máa sun ún lọ, pé bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti fi ìdí fìlà nu ojú lẹ́ẹ̀mejì.

Dókítà kò fi adùn pa wọ́n. Ó ní afẹ́fẹ́ náà á máa kéré lójoojúmọ́ bí òṣùpá ìparí oṣù, pé ojú náà kò ní mú bíi ti tẹ́lẹ̀, pé aṣọ ìkélé lè padà lọ́jọ́kọ́jọ́, bóyá lọ́dún yìí, ó sì lè má padà láéláé. Kó má gbẹ́rù. Kó má dorí kodò.

*

Lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n so yìgì ní Gídígbó. Mùrí àti àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ nà gbalaja síwájú àwọn àna, agbádá ń gbá eruku. Sàlàkọ́ nìkan ló dúró láàárín wọn, ọrùn gbọọrọ, ọwọ́ lẹ́yìn. Bàbá arúgbó kan láti Ilé-Ogbó gbé ọwọ́ síwájú orí láti wò ó dáadáa.

"Ta lẹni tó dúró bí òpó yẹn? Ṣé òun kọ́ ni ọkọ ìyàwó?"

"Òun ni," ni Àáfà Àmúdà dáhùn, kí gbogbo ilé lè gbọ́. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi dọ̀bálẹ̀ fún mi ní Ìbàdàn. Èmi ni mo jẹ ẹ́ ní 'dìde.'"

Ẹ̀rín sọ. Sàlàkọ́ náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ má tàn ara yín o, ẹ̀rù náà kò kó kúrò nílé wọn. Ó ń bá wọn gbé bí ìyá ọkọ. Gbogbo àárọ̀ ni Sàlàkọ́ á jí, á di ojú mú díẹ̀ kó tó là á, Ṣẹ̀fíátù á sì jókòó tì í, agolo abẹ́rẹ́ lórí itan, á máa dúró.

"Aṣọ ìkélé ńkọ́?" ló bi í láàárọ̀ ọjọ́ keje ìgbéyàwó wọn.

Sàlàkọ́ la ojú. Ó wo òrùlé, ó wo fèrèsé, ó wo aya rẹ̀.

"Kò tíì dé."

"Olówó orí mi, kò burú."

"Bó bá dé ńkọ́, Àjíkẹ́?"

Ṣẹ̀fíátù fi òwú sí abẹ́rẹ́ keje, ó tò ó mọ́ ọrùn bùbá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́fà yòókù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Bó bá dé, màá ká a sókè. Màá fi abẹ́rẹ́ méje dì í mú."